Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Ọnà Inú Ilé Ṣe Lè Máa Rí Ìmísí Lójoojúmọ́ ní Ìlú Ọ̀yọ́

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà inú ilé, ìyẹn iṣẹ́ ṣíṣètò yàrá àti ṣíṣe é lẹ́wà, máa ń bi mí jù lọ ní Ọ̀yọ́ níbí, yálà àwọn tó wà ní yunifásítì tàbí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. Ọ̀nà tí mo gbà dáhùn wọn dá lórí ohun kan tó dá mi lójú: ẹni tó bá mọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí ni ìmísí rẹ̀ máa ń pẹ́, nítorí pé ó lè gbé ìdí náà lọ sínú yàrá mìíràn kí ó sì tún wúlò níbẹ̀.

Ṣé ìmísí máa ń ṣàdédé bọ́ síni lọ́kàn ni, àbí iṣẹ́ ni à ń ṣe kí a tó rí i?

Iṣẹ́ ni. Òótọ́ ni pé èrò dáradára lè sọ síni lọ́kàn nígbà tí a ń wẹ̀ tàbí tí a wà lórí ọ̀kadà, ṣùgbọ́n bí a bá tọpasẹ̀ rẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé ohun kan tí ojú ti rí tipẹ́ ni ó tún padà wá. Ẹni tí kò fara balẹ̀ wo nǹkan kan lánàá kò ní ohun tí yóò padà wá bá a lónìí. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n yan ohun kan ṣoṣo lójúmọ́, ì báà ṣe ilẹ̀kùn, àga, àwo tàbí igun ilé, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n yà á sínú ìwé, kí wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì béèrè ìdí tí ẹni tó ṣe é fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Yíyà á sínú ìwé dára ju fọ́tò lọ níbi iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọwọ́ kò lè ya igun kan láìjẹ́ pé ojú ti kọ́kọ́ mọ bí igun náà ṣe so pọ̀.

Ilé tí mò ń gbé kò ní ohun ẹwà kankan nínú. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú pálọ̀ ìyá àgbà yín, tàbí ti ìyá àgbà ọ̀rẹ́ yín bí tiyín kò bá sí nítòsí. Mo fẹ́ràn àwọn pálọ̀ wọ̀nyí tọkàntọkàn, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tijú wọn, nítorí pé ọgbọ́n tó wà nínú wọn pọ̀ ju èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ àwòrán tí a ń rí lórí fóònù lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe to àga. Gbogbo wọn fẹ̀yìn ti ògiri, àárín sì ṣófo. Àwọn ìwé tí a kọ ní òkè òkun yóò sọ fún yín pé kí ẹ fa àga kúrò lára ògiri, kí ẹ sì kó wọn yí tábìlì kan ká láàárín yàrá. Ṣùgbọ́n àárín tó ṣófo yẹn ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù lọ nínú ilé náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí fún àwọn ọmọ lálẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọ tó bá fẹ́ kí àgbà ń dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni ẹbí ń kún bí ìsọmọlórúkọ tàbí ìpàdé bá dé. Ẹni tó bá gbé tábìlì gíláàsì ńlá síbẹ̀ ti gba gbogbo iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ yàrá náà, kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ojú sókè wo àwọn fọ́tò. Òkè pátápátá, nítòsí àjà, ni wọ́n fi wọ́n kọ́ sí, orí fọ́tò kọ̀ọ̀kan sì yọ síwájú díẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kan ògiri. Bí ẹ bá jókòó sórí àga, ẹ ó rí i pé ojú bàbá àgbà inú fọ́tò ń wò yín gan-an, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kò sì kọ mànà sórí gíláàsì rẹ̀. Ẹ wo kọ́bọ́ọ̀dù tí àwo tánganran kún inú rẹ̀, tí wọ́n tò lé ara wọn láti orí èyí tó tóbi títí dé èyí tó kéré, tó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà kí àlejò lè tètè rí i. Ẹ wo aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú hun, tí wọ́n tẹ́ sí ibi tí orí ń fara tì lórí àga, kí òróró irun má baà ba ìrọ̀rí rẹ̀ jẹ́. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe lásán nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ìdí mẹ́rin péré sílẹ̀ láti inú pálọ̀ kan, ẹ ti ní iṣẹ́ tí ẹ lè fi oṣù kan rò.

Kí ni ààfin àti agbo ilé àtijọ́ lè kọ́ ẹni tó ń ṣe yàrá òde òní?

Wọ́n lè kọ́ni bí ilé ṣe ń darí ènìyàn láìsọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí Aláàfin Àtìbà ti tẹ Ọ̀yọ́ yìí dó ní Àgọ́ Ọjà ní àwọn ọdún 1830 ni ààfin ti jẹ́ ọkàn ìlú, tí ọjà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà sì yí i ká. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò níbẹ̀ ni kọ̀bì, ìloro tó yọ síta lára ilé, tí òrùlé rẹ̀ ga, tó sì dúró lórí òpó gbígbẹ́. Àmì ilé ọba ni. Ẹni tó ń bọ̀ láti inú oòrùn gbagede yóò rí òjìji kọ̀bì níwájú rẹ̀, yóò rí àwọn òpó àti gíga òrùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì ti fà sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé ibí ni kí ó dúró. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣètò ibi ìgbàlejò fún ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ kan, ìmọ̀ yìí ni ẹ ó lò: bí ẹ bá dín ìmọ́lẹ̀ kù níbì kan, tí ẹ gbé àjà sókè, tí ẹ sì fi òpó méjì sàmì sí ẹnu ọ̀nà, àlejò yóò mọ ibi tí yóò dúró sí láìsí pátákó tó ń pàṣẹ fún un.

Agbo ilé kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Yàrá inú rẹ̀ kéré, ó sì ṣókùnkùn, nítorí pé oorun àti ìpamọ́ ẹrù ni wọ́n ń fi í ṣe; ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá ká ni ìgbé ayé wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, tí wọ́n ti ń dì irun, tí wọ́n sì ti ń gba àlejò. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, ooru ọ̀sán kì í sì tètè là á kọjá wọ inú ilé. Etí òrùlé rẹ̀ wálẹ̀ gan-an kí òjò má baà fọ ògiri náà lọ, omi tó ń ṣàn láti etí òrùlé yìí ni wọ́n sì ń fi ìkòkò gbè lágbàlá. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹ̀kọ́ tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé ibi tó wà láàárín inú ilé àti ìta ló máa ń tu ènìyàn lára jù lọ nílẹ̀ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ya ilé tí kò ní irú ibẹ̀ rárá, tí ó kàn to yàrá mọ́ yàrá, ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí yóò gbé inú rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ìlò àwọ̀ láìsí owó láti ra àwọn ìwé àwọ̀ olówó ńlá?

Ẹ lọ sí ọjà Akẹ̀sán ní ìrọ̀lẹ́. Iná jó ọjà náà ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ sì tún un kọ́, nítorí náà ẹ ó rí bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń fi aṣọ, àtẹ àti ẹrù yà ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba sọ́tọ̀ sí ara wọn. Ìyẹn nìkan tó ẹ̀kọ́ kan. Ṣùgbọ́n ní ti àwọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn aláta ni kí ẹ dúró sí. Aláta mọ̀ pé òkìtì tòmátì nìkan kò tó láti fa oníbàárà mọ́ra. Ó lè fi ewé tútù tẹ́ ìsàlẹ̀ àtẹ, tàbí kí ó da ata aláwọ̀ ewé díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rodo, pupa náà yóò sì tàn yanran. Pupa àti àwọ̀ ewé dojú kọra lórí òbíríkítí àwọ̀ tí wọ́n ń yà fún yín ní kíláàsì, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń gbé èkejì yọ. Aláta kò ka ìwé kankan kí ó tó mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ àti owó rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Bí ẹ bá ń darí bọ̀ láti ọjà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri àwọn ilé. Ilẹ̀ wa pupa nítorí irin tó wà nínú rẹ̀, òjò sì máa ń ta á sí ara ògiri, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ onílé ń kun ìsàlẹ̀ ògiri ní ọ̀dà tó dúdú tàbí tó pọ́n bí ilẹ̀, kí wọ́n tó fi ọ̀dà tó mọ́lẹ̀ kun òkè rẹ̀. Ẹ gbé ọgbọ́n yẹn wọ inú ilé, sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọmọdé ń gbà kọjá tàbí sí kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, níbi tí ọwọ́ àti bàtà ti máa ń ba ògiri jẹ́ dé ibi gíga kan pàtó. Ẹ wọ̀n ibi gíga náà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọ̀ yín pàdé níbẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló ń tọ́ka sí àwọn oníṣẹ́ ọnà Ọ̀yọ́. Báwo ni mo ṣe lè kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wọn láìjẹ́ pé mo kàn ń da iṣẹ́ wọn kọ?

Ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ju ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún títà lọ. Mo fẹ́ lo àkókò díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọrọ̀ ìlú wa wà.

Ẹ jókòó ti ẹni tó ń fín igbá. Yóò gbé igbá lé itan, yóò mú ọ̀bẹ kékeré, kò ní rúlà lọ́wọ́, kò sì ní kọ́ńpáàsì. Ìlà tó yí ẹnu igbá ká ni yóò kọ́kọ́ fà, lẹ́yìn náà ni yóò pín ojú igbá sí ìpín ìpín, ojú rẹ̀ nìkan ló sì fi ń díwọ̀n kí ìpín tó gbẹ̀yìn lè bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Inú ìpín kọ̀ọ̀kan ni yóò wá fi ẹyẹ, ẹja, alángbá tàbí ọnà oníka sí. Níkẹyìn ni yóò fi ìlà wẹ́wẹ́ tó ń gba orí ara wọn kọjá kún ilẹ̀ tó yí àwòrán ká. Ojú ẹyẹ náà ṣì ń dán nítorí pé ọ̀bẹ kò kàn án; ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀bẹ ti ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ya ẹyẹ yẹn sí ara ìrọ̀rí kan ti mú ohun tó kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá lóye rẹ̀ yóò lọ bá ẹni tó ń rẹ́ ògiri, yóò ní kí ó fi sìmẹ́ǹtì tútù rẹ́ ògiri kan, kí ó fi irin ya ìlà sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, kí ó sì fi ọnà sílẹ̀ ní dídán. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ kọ lu ògiri náà, ọnà yóò yọ jáde láìsí ọ̀dà kankan.

Lọ́dọ̀ àwọn oníṣọ̀nà awọ, ẹ béèrè nípa tìmùtìmù. Ẹ ó rí i pé pupa, dúdú àti funfun ni wọ́n gbára lé jù, awọ kékeré ni wọ́n sì ń gé tí wọ́n ń rán mọ́ ara wọn títí tí yóò fi di ọnà ńlá. Láyé àtijọ́, pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pa awọ láró pupa. Tìmùtìmù fúnra rẹ̀ jẹ́ àga tó fúyẹ́, tí ọmọdé lè gbé, tí ó ṣeé tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àlejò bá lọ. Mi ò mọ àga òkèèrè kan tó bá yàrá kótópó akẹ́kọ̀ọ́ mu tó o.

Lọ́dọ̀ ahunṣọ òfì, ìbú aṣọ ni kí ẹ wò. Aṣọ tó ń jáde lórí òfì àwọn ọkùnrin kò sábà fẹ̀ ju íǹṣì 4 sí 6 lọ. Òwú rẹ̀ nà lọ jìnnà síwájú ahunṣọ, òkúta ni wọ́n sì fi ń tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè le. Bí ó ti ń hun ni ó ń fa òkúta náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀já tóóró wọ̀nyí ni wọ́n ń rán pọ̀ di agbádá tàbí ìró, ojú ìránṣọ sì di ara ọnà. Ẹ rò ó wò: ẹ̀rọ kékeré ló bí aṣọ ńlá, kò sì sí ẹni tó fi ojú ìránṣọ pamọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi pátákó bo ògiri tó gùn, tí pátákó tí owó yín ká sì kéré, ẹ má ṣe tiraka láti fi ojú ibi tí wọ́n ti pàdé pamọ́. Ẹ tò wọ́n bí ọ̀já òfì, kí ìlà wọn dọ́gba láti àjà dé ilẹ̀.

Ṣé mo lè lo àwọ̀ òfì nínú yàrá láìjẹ́ kí ó dà bí gbọ̀ngàn ìgbéyàwó?

Ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá fi ọ̀kan ṣe ọ̀gá. Sányán, tí wọ́n ń fi òwú láti inú ilé kòkòrò igbó hun, ní àwọ̀ jẹ́jẹ́ bí iyanrìn. Ẹlú ló ń sọ ẹtù di dúdú mọ́ búlúù, tí ìlà tín-ín-rín tó mọ́lẹ̀ sì là á kọjá. Àlàárì pupa, ó jinlẹ̀. Nínú ìlànà 60, 30 àti 10 tí wọ́n ń kọ́ yín, ìyẹn ìpín nínú ọgọ́rùn-ún tí àwọ̀ mẹ́ta ń gbà nínú yàrá, ẹ lè fún àwọ̀ sányán ní 60 lára ògiri àti kọ́tìnì, kí ẹtù gba 30 lórí àga àti ibùsùn, kí àlàárì sì mọ sórí 10, bóyá ìrọ̀rí méjì àti etí ẹní kan. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba-dọ́gba ni yàrá ń di ibi ayẹyẹ.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí n tó yàwòrán iṣẹ́ tàbí ilé ẹlòmíràn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kí oníṣẹ́ ní ìkíni iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó mú fóònù jáde: "Àrẹ̀dú o" ni ti aláró, "Ojú gbooro o" sì ni ti onídìrí. Nínú agbo ilé, baálé tàbí ìyá tó dàgbà jù ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ní ààfin, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà yóò sọ ibi tí ẹ lè dé fún yín. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má yà, bí ojúbọ, ẹ má yà á. Bí oníṣẹ́ bá sì fún yín ní wákàtí kan nínú ọjọ́ rẹ̀, ẹ ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ yín bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbé ọnà wọn lọ sí ìlú ńlá láìdárúkọ wọn ń já wọn lólè, mi ò sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa wà lára wọn.

Kí ni kí n máa kọ sínú ìwé mi bí mo bá rí nǹkan tó wù mí?

Ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, àti ohun tí ènìyàn ń fi ara ṣe níbẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò. Ẹ ti kọ́ ọ ní kíláàsì pé àga ìjẹun sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 45, tábìlì rẹ̀ 75, pèpéle ilé ìdáná 90. Ẹ wá lọ wo ẹni tó ń ro àmàlà ní búkà. Ìkòkò rẹ̀ wà nísàlẹ̀, orógùn rẹ̀ gùn, ó sì ń fi èjìká àti ẹ̀yìn ti agbára sí i kí kókó má baà wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé sítóòfù lé pèpéle tó ga ní 90, tí ẹ sì gbé ìkòkò ńlá lé e lórí, ẹnu ìkòkò náà yóò sún mọ́ àyà rẹ̀, kò sì ní lè fi agbára sọ̀kalẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, àmàlà ni oúnjẹ ilé wa. Ilé ìdáná tó yẹ kí ẹ yà fún ìdílé Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ ní ibì kan tí iná rẹ̀ rẹlẹ̀ dáadáa sí ti ìyókù, tí ilẹ̀ iwájú rẹ̀ kò sì yọ̀. Kò sí ẹni tó lè rí èyí kọ́ láìdúró ti ẹni tó ń ro àmàlà kí ó sì fi téèpù wọn ibi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ dé.

Ìwé sọ pé ìmọ́lẹ̀ fèrèsé àríwá ló dúró jẹ́ẹ́ jù, oòrùn kì í gbabẹ̀ wọlé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ọ̀yọ́?

Rárá o. Orílẹ̀-èdè tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ni wọ́n kọ ìwé wọ̀nyẹn fún. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 8 sí àríwá ìlà náà, oòrùn sì máa ń kọjá lókè orí wa gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán wà sí wa, ìhà gúúsù ni ó wà ní ìyókù ọdún. Ìdí nìyẹn tí etí òrùlé tó gùn fi wúlò ní ìhà méjèèjì. Ìwọ̀ oòrùn ni ọ̀tá yín: ògiri tó kọjú síbẹ̀ ń gba ooru láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì ń tú u sínú yàrá lóru, nítorí náà kọ́bọ́ọ̀dù tàbí ilé ìwẹ̀ ló yẹ níbẹ̀ ju ibùsùn lọ.

Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ wo bí ojú ọjọ́ ṣe ń pàwọ̀ dà. Eruku máa ń sọ ìmọ́lẹ̀ di rírọ̀, òjìji kì í sì mú, tó fi jẹ́ pé ọnà tó ń yọ lára ògiri ní oṣù kẹwàá lè má hàn rárá ní oṣù kìíní. Ní alẹ́, ẹ fi gílóòbù méjì wé ara wọn, èyí tí wọ́n kọ 2,700K sí lára àti èyí tí wọ́n kọ 6,500K sí; nọ́ńbà yìí ń sọ irú àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní. Ti àkọ́kọ́ pọ́n bí iná àtùpà, àwọ̀ ara ènìyàn àti ti ọbẹ̀ sì máa ń dára lábẹ́ rẹ̀. Èkejì funfun mọ́ búlúù, ó dára fún ibi ìkàwé. Ọ̀pọ̀ pálọ̀ wa ló ń tutù lójú lálẹ́ nítorí pé 6,500K nìkan ni onílé rà.

Ṣé àwòrán orí Pinterest àti Instagram kò dára ni?

Ó dára, bí ẹ bá lò ó lẹ́yìn tí ẹ ti fi ojú ara yín wo nǹkan. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò ní ìwọ̀n, kò ní òórùn, kò ní ooru, ẹ kò sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tó ya fọ́tò náà. Bí ẹ bá ń ṣe mood board, pátákó tí ẹ ń lẹ àwọn ohun ìmísí yàrá kan mọ́, ẹ jẹ́ kí ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn pọ̀ lára rẹ̀: àjákù òfì, àwẹ́ igbá, ilẹ̀ pupa díẹ̀ nínú ọ̀rá, awọ, èèpo igi. Àwòrán orí fóònù lè wá kún un lẹ́yìn náà.

Olùkọ́ wa fẹ́ iṣẹ́ ìgbàlódé. Ṣé nǹkan ìlú wa kò ní dà bí ohun àtijọ́ lójú rẹ̀?

Àwọn tí ayé ń yìn lónìí nínú iṣẹ́ yìí kò sá fún nǹkan ìlú wọn. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà, tí ilé ìjọsìn tó kọ́ fún àwọn Dòmíníkà, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì kan, ṣì wà ní Ìbàdàn tó sún mọ́ wa, gba Golden Lion, ẹ̀bùn ìpàtẹ ilé kíkọ́ àgbáyé, fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀ ní Venice ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 2023. Yinka Ilori, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, ń mú àga tí wọ́n ti jù nù, ó ń tún un ṣe, ó sì ń fi òwe tó gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ọnà rẹ̀. Kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì yìí, ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ ti dé ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum kò sì jẹ́ kí ó padà wálé.

Àwọn àgbà tiwa náà kò dúró sójú kan. Ẹ lọ wo àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìlú náà ló ṣòwò káàkiri Òkè Ọya àti ní Gáná, kí ìjọba Gáná tó ní kí àwọn àlejò máa lọ ní ọdún 1969, ohun tí ojú oníṣòwò bá sì rí lájò máa ń bá a wálé. Bí ẹ bá lè sọ ìdí tí ẹ fi mú nǹkan kan, ì báà ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tàbí láti Jámánì, olùkọ́ yín yóò gbọ́.

Bí ọkàn mi bá gbẹ pátápátá ńkọ́, tí ọjọ́ ìfisílẹ̀ iṣẹ́ sì ti sún mọ́?

Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tí yóò lo yàrá náà. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí èrò bá tán, ó sábà máa ń jẹ́ nítorí pé a ti gbàgbé onílé. Ẹ béèrè ohun tí ó ń ṣe láti ìgbà tó bá jí títí tí yóò fi sùn, ibi tí bàtà rẹ̀ ń wà, ibi tó ń fi kọ́kọ́rọ́ sí, ta ló ń wá kí i. Ìdáhùn kan yóò ṣí ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sùn díẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa sọ ohun tí mo rí di yàrá gidi?

Ẹ mú ìdí kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi í dán gbogbo ìpinnu wò. Ẹ jẹ́ kí a lo àárín tó ṣófo nínú pálọ̀ ìyá àgbà. Ká ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé wà ní ògiri kúkúrú méjèèjì tó kọjú síra wọn. Bí ẹ bá gbé ibùsùn méjì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2.5 ti ògiri gígùn méjèèjì, ẹsẹ̀ bàtà 5 ni yóò ṣẹ́kù láàárín, atẹ́gùn yóò sì máa gba ojú fèrèsé kọjá lọ sí ilẹ̀kùn. Tábìlì ìkàwé kò gbọ́dọ̀ jókòó sí àárín yìí, nítorí náà ẹ fi ìdè kan ìdí rẹ̀ mọ́ ògiri lábẹ́ fèrèsé kí ó ṣeé ká sílẹ̀. Àga náà kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí náà tìmùtìmù méjì yóò wà lábẹ́ ibùsùn, pẹ̀lú àpótí aṣọ. Iná kan kò gbọ́dọ̀ so kọ́ sókè àárín nìkan; ẹ fún ibùsùn kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ kí ẹnì kan lè sùn nígbà tí èkejì ń kàwé.

Ẹ wá ya ọjọ́ kan sínú ìwé: ọ̀kan tẹ́ ẹní ìkírun, èkejì ní àlejò mẹ́ta, ìyá ọ̀kan wá láti Fìdítì, ó sì fẹ́ sùn mọ́jú. Níbi tí yàrá náà bá ti kùnà, ẹ tún un yà. Kí ẹ tó gbé e fún káfíńtà, ẹ fi ẹfun fa gbogbo ìlà rẹ̀ ní ìwọ̀n gidi sí ilẹ̀ ibi tó tẹ́jú, kí ẹ pe ọ̀rẹ́ méjì, kí ẹ sì máa rìn nínú rẹ̀ títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní tẹ orí ìlà mọ́.